Géèmù àti ètò ìṣiṣẹ́ kejì lórí iMac àlòkù: ọ̀nà wo ni kò ní ba iṣẹ́ jẹ́?

Atẹ̀wé Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Àjàṣẹ́: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti pátákó ìpolówó ọjà. Ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣe é ni iMac onínṣì 27 ti ọdún 2017, tòkúnbọ̀ tí mo rà ní Kútọnu. Core i5 ni ó wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, káàdì àwòrán rẹ̀ ni Radeon Pro 575 tí ó ní 4 GB, dísìkì rẹ̀ sì ni Fusion Drive 1 TB. macOS Ventura, ètò ìṣiṣẹ́ Apple, ni mo ń lò, iṣẹ́ mi sì ń lọ déédéé lórí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí èmi àti àbúrò mi máa gbá géèmù lórí ẹ̀rọ yìí ní alẹ́, nígbà tí àwọn oníbàárà bá ti lọ tán. Púpọ̀ nínú àwọn géèmù tí ó wù wá ni wọn kò ṣe fún macOS, àwọn àtijọ́ tí wọ́n sì ṣe fún un kò ṣí mọ́ láti ìgbà tí Apple ti pa àwọn ètò oní-32-bit tì nínú macOS Catalina ní ọdún 2019. Bọ́ọ̀lù EA Sports FC ni àbúrò mi ń fẹ́. GTA V ni tèmi. Ẹnì kan ní kí n lo Boot Camp, ètò Apple tí ń gbé Windows sí ẹ̀gbẹ́ macOS lórí ẹ̀rọ kan náà, ẹlòmíràn ní kí n fi Windows sínú macOS kí ó dà bí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, ẹnì kẹta ní kí n fi Windows sílẹ̀ kí n gbé Linux, ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, wá. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò ní kó bá fáìlì àwọn oníbàárà mi? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé iná lè lọ nígbàkúùgbà, ẹ̀rọ yìí kò sì ní bátìrì bí alágbèéká.

Alátùn-únṣe Kétu

Ọ̀gá Atẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Irú ẹ̀rọ yìí ni mo ń tún ṣe ní Kétu. Kí a tó dárúkọ ètò ìṣiṣẹ́ kankan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ dísìkì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fìyà jẹ ara wọn. Dísìkì méjì tí a so pọ̀ ni Fusion Drive 1 TB ti ọdún 2017: SSD (dísìkì yíyára tí kò ní ohun tí ń yí) tí kò ju 32 GB lọ, àti dísìkì oníyíyí tí ó gbé gbogbo ìyókù. macOS nìkan ni ó mọ bí a ṣe ń lo méjèèjì bí ọ̀kan. Bí Boot Camp bá gé ìpín fún Windows, orí dísìkì oníyíyí ni yóò gé e sí, Windows kò sì ní rí SSD yẹn lò rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ tí àwọn kan ń ṣàròyé pé Windows ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín lórí iMac wọn, tí wọ́n sì ń dá káàdì àwòrán lẹ́bi lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Èyí tí mo máa ń gbà àwọn oníbàárà níyànjú ni SSD ìta, tí a ó kì bọ ẹnu Thunderbolt 3 tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Bí apá bá ká 1 TB, ẹ rà á, nítorí GTA V nìkan ti ju 100 GB lọ. Boot Camp Assistant fúnra rẹ̀ kò gbà kí a fi Windows sórí dísìkì ìta, ṣùgbọ́n ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ó ń jẹ́ Rufus, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Windows èyíkéyìí, tí a sì lè yàn nínú rẹ̀ pé kí ó kọ Windows sórí dísìkì lọ́nà tí wọ́n ń pè ní Windows To Go. Ẹ yá kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín kan, ẹ fi Rufus kọ Windows 10 sórí SSD náà, kí ẹ sì ti fi Boot Camp Assistant gba àwọn dráífà Apple (ètò tí ń jẹ́ kí Windows mọ àwọn ohun inú ẹ̀rọ náà) sórí USB kékeré kan láti inú macOS. Nígbà tí ẹ bá ń tan iMac, ẹ tẹ bọ́tìnnì Option mọ́lẹ̀ títí tí àwòrán àwọn dísìkì yóò fi jáde, ẹ yan SSD náà, kí ẹ sì fi dráífà wọ̀nyẹn sórí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. A kò fọwọ́ kan dísìkì tí iṣẹ́ yín wà lórí rẹ̀, nítorí náà bí iná bá lọ lágbedeméjì, Windows ni yóò jìyà rẹ̀, kì í ṣe ìwé ètò ìsìnkú ẹlẹ́ni. iMac onínṣì 27 ti ọdún 2020 ní ṣípù T2 tí kì í gbà kí ẹ̀rọ tàn láti orí dísìkì ìta àfi bí a bá kọ́kọ́ fún un láṣẹ. Ti yín kò ní in.

Ní ti ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, Parallels àti VMware Fusion dára fún ẹni tí ó fẹ́ lo ètò ìṣirò owó kan tí kò sí fún macOS. Wọn kò wúlò fún irú géèmù tí ẹ dárúkọ, nítorí wọn kì í fi káàdì àwòrán lé Windows lọ́wọ́ tààrà, àwọn ètò tí ń ṣọ́ olójóró nínú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń lé wọn padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Windows 11 sórí rẹ̀ tipátipá. Ìran keje Intel ni ó wà nínú ẹ̀rọ yín, ìran kẹjọ ni Microsoft sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, yàtọ̀ sí pé kò sí TPM 2.0, ṣípù ààbò tí Windows 11 ń béèrè. Òótọ́ ni pé Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10 ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, tí wọ́n sì fi ọdún kan péré kún un fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí Windows yẹn jẹ́ ti géèmù nìkan: kí ẹ má ṣí báńkì, kí ẹ má ṣí àpótí lẹ́tà iṣẹ́, kí ẹ má sì kó ìwé oníbàárà kankan síbẹ̀.

Ará Òkè Ṣábẹ̀

Ẹ̀gbọ́n láti Kétu, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ dísìkì yẹn kò ní àbùlà. Ibi tí n kò ti bá yín lọ ni pé ẹ kò dárúkọ Linux rárá, nígbà tí ẹ fúnra yín sọ pé Windows 10 ti di ohun tí a ó máa ṣọ́ra fún. Radeon Pro 575 jẹ́ ọ̀kan lára àwọn káàdì tí Linux mọ̀ dáadáa: dráífà rẹ̀ ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀, a kì í wá a kiri. Láti ọdún 2018 tí Valve ti gbé ètò Proton jáde nínú Steam, ilé ìtajà géèmù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux láìjẹ́ pé ẹni tí ń gbá a mọ ohun tí ó ń lọ lábẹ́lẹ̀, nítorí Proton náà ni Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé wọn ti ọdún 2022, gbára lé. Ẹ tún wo Counter-Strike 2: wọn kò ṣe é fún Mac rárá ní 2023, ṣùgbọ́n ó wà fún Linux.

N kò ní tan Ọ̀gá Atẹ̀wé jẹ, nítorí géèmù méjì tí ó dárúkọ ni ó ń gbé Linux ṣánlẹ̀. EA Sports FC kò ṣí níbẹ̀ rárá, nítorí ètò tí EA fi ń ṣọ́ olójóró kò gbà á. GTA V ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ń dá ìtàn inú rẹ̀ gbá, ṣùgbọ́n GTA Online ti ti ilẹ̀kùn mọ́ Linux láti Oṣù Kẹsàn-án 2024, tí wọ́n fi BattlEye, ètò tí ń ṣọ́ olójóró, kún un. Ohùn láti inú spíkà iMac 2017 náà máa ń ṣòro láti jí lórí Linux, débi pé èmi fi spíkà USB kékeré parí ìjà. Bí àbúrò bá lè gbàgbé FC, kí ẹ wá Linux wá. Bí kò bá lè gbàgbé rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀gbọ́n Kétu ni kí ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀dà FC tí ẹ fẹ́ rà yóò gbà láti ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ fi kún un. Bí bọ́tìnnì ẹ̀rọ yín bá jẹ́ AZERTY, ìtò lẹ́tà Faransé, bí ti ọ̀pọ̀ wa níbí, àwọn géèmù tí ń lo W, A, S àti D láti fi rìn yóò dà yín láàmú, nítorí ibi tí lẹ́tà wọ̀nyẹn wà lórí QWERTY ti Amẹ́ríkà ni Z, Q, S àti D wà lórí tiwa. Ẹ fi bọ́tìnnì Amẹ́ríkà kún èdè inú Windows, kí ẹ máa fi Command pẹ̀lú bọ́tìnnì àlàfo pààrọ̀ wọn kí ẹ tó ṣí géèmù. Ẹ sì ra máòsì oníwáyà olówó pọ́ọ́kú, torí Magic Mouse kì í gbọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó bá sì ń fi ọ̀tún fojú sun nǹkan tí ó fẹ́ fi òsì yìnbọn yóò rí ìyà.

Atẹ̀wé Wàndó (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Àbúrò mi kò ní gbàgbé FC, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà SSD ìta ni mo máa tọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó kù. Ṣé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ báyìí lè fara da ooru géèmù nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù? Irú onduleur (ẹ̀rọ oníbátìrì tí ń gba iṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ) wo ni yóò gbé e? Bí gbogbo rẹ̀ bá sì ṣòro jù, ṣé mo lè ra PlayStation kí n sì fi ojú iMac yìí wò ó?

Alátùn-únṣe Kétu

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìparí: rárá. Àwọn iMac kan láti ọdún 2009 sí àárín 2014 lè di ojú ìwòran fún ẹ̀rọ mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú àwọn olójú 5K bí tiyín tí ó lè ṣe é. Tẹlifíṣọ̀n ni PlayStation yóò nílò.

Ní ti ooru, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ojú 5K yẹn náà sì ni ó fa púpọ̀ nínú rẹ̀. 5120 lọ́nà 2880 tó mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún àmì àwòrán, Radeon Pro 575 kò sì lè yà gbogbo wọn tán nínú géèmù òde òní. Ẹ fi géèmù sí 2560 lọ́nà 1440, tí ó jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀ gẹ́lẹ́, tí kò sì ní dà rúdurùdu lójú; fún GTA V, ẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1920 lọ́nà 1080. Ẹ dín iye àwòrán tí ó ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kù sí 60, tàbí 30 bí ooru bá pọ̀. Atẹ́gùn ń gba etí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ yìí wọlé, ó sì ń gba ẹ̀yìn níbi ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ má tì í mọ́ ògiri, ẹ má sì tẹ́ aṣọ sí i lábẹ́. Ètò Macs Fan Control wà fún Windows pẹ̀lú, ẹ lò ó láti mú fáànù yára kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá etí ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí inú rẹ̀ nítorí eruku nìkan, nítorí gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ gíláàsì iwájú mọ́ ara rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ gé e kí a tó wọlé.

RAM ni ó rọrùn jù: ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn, lókè ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi 8 GB DDR4 oníyára 2400 kún un kí ó di 16 GB. Ní ti onduleur, ẹ̀rọ yìí lè fa ju 200 watt lọ bí géèmù bá ń lọ. Ẹ wá èyí tí ó tó 1000 VA, kí ẹ lè rí ìṣẹ́jú díẹ̀ pa á jẹ́jẹ́. Ẹ má retí pé kí ó gbé ìdíje bọ́ọ̀lù kan tán.

Bí aago bá fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn nínú Windows, ẹ má ṣe dá bátìrì inú lẹ́bi. Aago UTC, aago àgbáyé, ni macOS ń tọ́jú sínú ẹ̀rọ, Windows ń kà á bí ẹni pé aago ìlú ni, Benin sì fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Dráífà Apple yẹn ni yóò tún un ṣe. macOS lè ka dísìkì NTFS, ìtò tí Windows ń lò, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ gbé fáìlì láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì, ẹ lo USB tí ẹ ti tò sí exFAT, ìtò tí méjèèjì lè kà tí wọ́n sì lè kọ sí.