Ọmọ mi fẹ́ kí wọ́n tún Doctor Who bẹ̀rẹ̀ láti òdo, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí ẹlòmíràn, àmọ́ ó ti gba oorun lójú mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

London ni wọ́n bí mi sí ní 1969. Bàbá mi ń kọ́ iṣẹ́ amòfin, ìyá mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà. Bí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wá kàwé nígbà náà ti ṣe, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ obìnrin aláwọ̀ funfun kan ní Kent kó máa bá wọn tọ́ mi. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń wá wò mí, wọn kì í sì í pẹ́, nítorí ọkọ̀ ojú irin. Tí wọ́n bá ti lọ, màá dúró lójú fèrèsé, màá máa sunkún, títí màmá tó ń tọ́ mi yóò fi pè mí pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Orin Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC nípa Dókítà, arìnrìn-àjò tó ń la ìgbà kọjá, tí Ron Grainer kọ, tí Delia Derbyshire sì fi ẹ̀rọ gbé jáde, òun ló máa ń gba ẹkún lẹ́nu mi.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1974, Jon Pertwee tó ń ṣe Dókítà dùbúlẹ̀ lójú wa, ojú rẹ̀ sì di ojú ẹlòmíràn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Mo figbe ta. Màmá yẹn gbá mi mọ́ra, ó ní, "Òun náà ni. Ojú ló yí padà." Nígbà tí àwọn òbí mi mú mi lọ sí Ìbàdàn ní 1978, tí n kò gbọ́ Yorùbá, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní òyìnbó dúdú, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń sọ fún ara mi lóru.

Mo padà sí London ní 1992. BBC ti dá eré náà dúró láti 1989. Fíìmù kan jáde ní 1996, kò bí nǹkan kan. Ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2005 ló tó padà dé. Bí mo ṣe gbọ́ ìró TARDIS, ọkọ̀ Dókítà tó jọ àpótí ọlọ́pàá, ìró tí Brian Hodgson fi kọ́kọ́rọ́ ha okùn dùùrù kó tó rí i ṣe, omi bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi rò pé wọ́n pè mí láti ilé ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e la bí ọmọbìnrin wa. Láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin la ti jọ ń wò ó. Ní oṣù karùn-ún 2025, nígbà tí Ncuti Gatwa, tó ń ṣe Dókítà nígbà náà, wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Èkó, nínú èyí tí Inua Ellams kọ, ṣe ló di ọwọ́ mi mú títí ó fi parí.

Ó ti wà ní yunifásítì báyìí, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ eré. Ó mú ìwé olójú ewé 12 kan wá bá mi, ohun tí òun yóò ṣe bí wọ́n bá gbé Doctor Who lé òun lọ́wọ́. Àtúnbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni. Kò sí Gallifrey, ayé tí Dókítà ti wá, kò sí Dalek, àwọn ọ̀tá rẹ̀ tó ń gbé inú irin, kò sí ẹni tó ṣáájú, gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti 1963 kò ṣẹlẹ̀. Mo kà á dé ojú ewé kẹta, mo gbé e sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè kọ́lé àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ dáná sun ti baba yín."

Kò fèsì. Ó kó ìwé rẹ̀, ó padà sílé ìwé lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, "Ẹ ṣé, Daddy" ni gbogbo èsì tó ń fún mi lórí WhatsApp.

Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kí ni kí n sọ nípa ìwé yẹn, nígbà tí ọkàn mi kò gbà á? Mi ò fẹ́ purọ́ fún un.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pè é lónìí. Ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ o, kó gbọ́ ohùn yín. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ ti lo òsì tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá baba rẹ̀ kó tó gbé e fún olùkọ́, ọmọ tó fẹ́ràn yín ni. Ní ti eré náà fúnra rẹ̀, mi ò wò ó rí, àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò sọ tiwọn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Houston

Sà, ohun tó ń ṣe yín ti ṣe mí rí. Tèmi ni Battlestar Galactica ti 1978, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn èèyàn tó ń fi ọkọ̀ òfúrufú sá fún ọ̀tá, níbi tí Lorne Greene ti jẹ́ Adama, Lorne Greene tí àwọn bàbá wa ti mọ̀ nínú Bonanza. Sáà kan péré ni ABC gbà fún un. Richard Hatch tó jẹ́ Apollo ló jà fún un jù. Ó kọ ìwé ìtàn lé e lórí, ó ná owó ara rẹ̀ láti fi ya fíìmù kúkúrú tó ń fi hàn bí ìtàn náà ṣe lè máa bá a lọ, ó sì ń gbé e kiri fún àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀. Kó máa bá a lọ ló fẹ́, bí ẹ̀yin náà ṣe fẹ́.

Ohun tó jáde ní 2003 kọ́ nìyẹn. Ronald D. Moore mú orúkọ, ó mú ọkọ̀, ó mú àwọn Cylon, àwọn ẹ̀rọ tó jẹ́ ọ̀tá èèyàn, ó yí ìyókù padà. Starbuck tí Dirk Benedict ṣe di obìnrin. Cylon tó jẹ́ irin lásán wá di ohun tó jọ èèyàn débi pé ẹnì kan kò lè mọ̀ bóyá aya tó sùn tì í ni ọ̀tá. Inú bí Dirk Benedict, ó kọ àròkọ bẹnu àtẹ́ lù ú. Inú bí èmi náà, odindi ọdún méjì ni mi ò fi wò ó.

Hatch ń kọ́? Wọ́n ní kó wá ṣe Tom Zarek, ẹlẹ́wọ̀n kan tó di olóṣèlú. Ó lọ! Ọkùnrin tó ti fi ọdún púpọ̀ ja ìjà ìtàn mìíràn, ó wọ inú èyí tó gba ipò tirẹ̀, ó sì fi gbogbo ara ṣe é. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó wà níbẹ̀ ni èmi náà tó jókòó. Mo wá rí ohun tí ti 1978 kò dúró tì: wọ́n ti run ayé 12, kò sì pẹ́ tí a fi dé ilé tẹ́tẹ́ àti orin. Nínú tuntun, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ló di ààrẹ nítorí pé àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti kú tán, ó sì ń kọ iye èèyàn tó kù sójú pátákó funfun, ó ń nù ún, ó ń tún un kọ bí wọ́n ṣe ń kú. Pátákó yẹn kò kúrò lójú mi di òní.

Mo ń wo méjèèjì. Mi ò gbà pé ọ̀kan ni wọ́n, kò sì sí ẹni tó fi tipátipá mú mi gbà. Ẹ ka ìwé ọmọ yín tán ná.

Àbíkẹ́yìn, Cardiff

Ẹ káàsán sà. Ẹgbẹ́ ọmọ yín ni mí, ẹ jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀ díẹ̀. Ní 1963, ta ló mọ Gallifrey? Ó di 1969 kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Time Lord, ìran tí Dókítà ti wá, ó di òpin 1973 kí orúkọ Gallifrey tó jáde. Bàbá àgbà kan nínú àpótí ọlọ́pàá, ọmọ ọmọ rẹ̀, àti olùkọ́ méjì tó tẹ̀ lé ọmọ náà dé ibẹ̀, ìyẹn nìkan ni àwọn tó wò ó lálẹ́ ọjọ́ kìíní rí. Àìmọ̀ yẹn dùn. Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn kò tọ́ ọ wò rí, nítorí kí a tó jókòó ni wọ́n ti sọ ọ́ tán fún wa. Mo rò pé òùngbẹ yẹn ló ń gbẹ ọmọ yín.

Síbẹ̀, mi ò sí lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá. Ní 2005, Russell T Davies fi ojú Rose sọ ìtàn náà, ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí Rose bá mọ̀ ni a mọ̀, ẹni tó jẹ́ àlejò sí eré náà kò pàdánù nǹkan kan. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Sarah Jane, ọ̀rẹ́ Dókítà látijọ́, wọlé, Elisabeth Sladen kan náà tí Dókítà já sílẹ̀ ní 1976, ó sì béèrè ìdí tí kò fi padà wá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi dúró, òṣèré náà sì ti dàgbà lóòótọ́, kì í ṣe àtíkè. Ẹ bi ọmọ yín pé kí ni yóò fi rọ́pò irú ìyẹn. Ẹ bi í bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ èsì, sà.

Bàbá Jos

Ọ̀gá mi, ẹ gba ọ̀rọ̀ ilé sísun yẹn padà, nítorí kì í ṣe ọmọ ló kọ́kọ́ sun ilé yìí. BBC fúnra wọn ni. Wọ́n pa téèpù àtijọ́ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò, wọ́n kó fíìmù dànù, títí abala tó lé ní 90 fi di àwátì. Ibo ni wọ́n ti wá rí díẹ̀ nínú rẹ̀? Ní Jos wa níbí ni, ní ibùdó tẹlifíṣọ̀n. Philip Morris, ẹni tó ń wá fíìmù tó sọnù kiri, ló rí i, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní oṣù kẹwàá 2013: abala 11, tí 9 nínú rẹ̀ ti sọnù pátápátá tẹ́lẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ń gbé ìlú yìí nígbà yẹn, inú mi dùn bíi pé èmi ni mo pa á mọ́.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọmọ yín ni orúkọ. Bí wọ́n bá sọ ọmọ ní Babátúndé, ohun tí wọ́n ń wí ni pé bàbá kan ti wà, ó ti lọ, ó sì ti dé. A kì í sọ ọmọ ní Babátúndé ká tún ní kò sí bàbá kankan rí. Kó kọ tuntun, kó lẹ́wà, àmọ́ kó fún un ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, irọ́ kọ́ ni. Kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ jọ wo The Enemy of the World, ọ̀kan nínú àwọn ti Jos. Patrick Troughton ló ṣe Dókítà, òun náà ló ṣe ọ̀tá tó jọ ọ́.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣé gan-an. Mo pè é lálẹ́ àná. Mo tọrọ àforíjì, mo ní kó fi ìwé náà ránṣẹ́ padà kí n kà á tán.

Ní ojú ewé keje, àpótí aláwọ̀ búlúù náà balẹ̀ ní Kent, lálẹ́ Sátidé kan ní 1974. Ẹni àkọ́kọ́ tí Dókítà bá sọ̀rọ̀ ni ọmọdé dúdú kan tó ń sunkún lójú fèrèsé.

Èmi ni mo sọ ìtàn yẹn fún un, nígbà tó wà ní kékeré. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì ń rántí.

Mo sọ fún un pé mi ò tíì fara mọ́ ọn pé kí Gallifrey má sí, mo sì sọ ọ̀rọ̀ Babátúndé. Ó ní òun náà ti ń rò ó, pé ó lè jẹ́ pé orúkọ ni kí òun yí. A jiyàn fún wákàtí kan ààbọ̀. Ó ń bọ̀ wálé ní Sátidé, mo sì ti ra ti Jos sílẹ̀.