Iṣẹ́ tí Olúwa gbé fún yín tí ẹ ò béèrè: ẹ wá sọ bó ṣe rí

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo bá wọn lọ sí Ìkejì-Arákeji ní Sátidé tó kọjá, níbi tí Olúwa ti pe Bàbá Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC. Nígbà tí àwọn yòókù ń kígbe Halelúyà, títì ni èmi ń wò. Ọmọ ọdún 24, tó ń wa rólà, ẹ̀rọ tó ń tẹ títì, fún ìjọba, tí owó oṣù ń wọlé fún. Oṣù kẹwàá ọdún 1928, rólà dédé dúró gbagidi, kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì, ohùn sì pè é lórúkọ, ó ní kó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Ó sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́.

Ìbéèrè mi rèé: ta ló wà níbí tí Olúwa ti gbé iṣẹ́ tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ rí fún? Mi ò béèrè ẹ̀rí owó o, mi ò béèrè ẹ̀rí físà. Iṣẹ́ ni mo wí.

Ọ̀gá Sípánà
Tí mọ́tò bá dédé kú lójú ọ̀nà, èmi ni wọ́n máa ń pè.

Alàgbà Gbọ̀ngán
Sípánà, ṣọ́ ẹnu rẹ. Orí ilẹ̀ mímọ́ lo wà yẹn.

Ọ̀gá Sípánà
Ẹ má bínú, Alàgbà, iṣẹ́ mi ni mo fi sọ ọ́. Rólà ayé ìgbà yẹn, omi ni wọ́n ń sè nínú rẹ̀, ooru omi náà ló ń tì í lọ. Tí omi bá gbẹ, ó máa dúró.

Alàgbà Gbọ̀ngán
Ẹni tó ń wà á lójoojúmọ́ ni kò mọ̀ pé omi gbẹ? Ìwọ tí wọn ò tíì bí bàbá rẹ nígbà náà lo wá mọ̀?

Ọ̀gá Sípánà
Mo gbà. Ẹ jókòó, sà.

Ìyá Ìbejì Àpáta
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn, àwọn wọ̀nyí fẹ́ fi rólà tẹ̀ wá pa. Télọ̀ ni mí, ní Ìbàdàn. Ní 2011, èmi ni mò ń dá orin ní kúáyà wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kúáyà, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Iwájú pátápátá ni mo máa ń dúró sí, tí mo bá gbé ohùn sókè, àwọn ìyá àgbà á máa wá aṣọ ìnujú. Mo ti ń retí kí wọ́n fi mí joyè. Mo tiẹ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Òru ọjọ́ kẹta, mo wà lórí eékún ni mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ o, inú ikùn mi níbí ni: "Ṣálángá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló ń fọ̀ ọ́?"

Mo fèsì. Mo ní Olúwa, bàbá tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kẹ́kẹ́ pa. Mo padà sórí àdúrà ìgbéga mi, àdúrà ò lọ. Bí ìgbà tí èèyàn ń fi abẹ́rẹ́ tó ti kán rán aṣọ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti dé ibẹ̀. Mo ra Izal, mo mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Korobá tí mo bá níbẹ̀ ò ní ọwọ́ mọ́, àjákù léèsì oníbàárà ni mo fi so ó. Mo fi àǹkárá dí imú. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ká mi mọ́ ibẹ̀. Ọ̀gá kúáyà ní kí n máa lọ sí ìlà ẹ̀yìn nítorí òórùn. Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé wọ́n ti fi mí sábẹ́ ìbáwí, pé ọwọ́ tẹ̀ mí níbi kan. Ọkọ mi gan-an jókòó tì mí lálẹ́: "Ìyá Ìbejì, sọ fún mi, kí lo ṣe?" Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan, Olúwa ló rán mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Olúwa ò rí iṣẹ́ mìíràn?" Ohun tí èmi náà ń bi í nìyẹn.

Ọdún kẹrin ni mo bá ọmọbìnrin kan nínú ibẹ̀ láàárọ̀, aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, ó ń bì. Ó ti lóyún, wọ́n ti lé e nílé. Mo bu omi sí i lójú, mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi títí tó fi ṣe fíríìdọ́ọ̀mù. Mo ṣì ń fọ ṣálángá. Wọn ò fi mí joyè títí dòní.

Àbíkẹ́ Ẹ̀gbá
Ọ̀gá kúáyà yẹn! Bí Sọ́ńdè bá dé, tó bá ṣe é, ibo ló ń lọ?

Oníyèméjì
Ìyá, ẹ dákun, ta ló ń ra Izal?

Ìyá Ìbejì Àpáta
Èmi náà ni.

Oníyèméjì
Láti 2011? Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ò ní jẹnẹrétọ̀ ni?

Ìyá Ìbejì Àpáta
Méjì ni wọ́n ní.

Oníyèméjì
Ẹ wá wò ó. Jẹnẹrétọ̀ méjì, kò sí Izal.

Alàgbà Gbọ̀ngán
Ọlọ́run ló rán ìyá yìí níṣẹ́, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣirò owó.

Àbíkẹ́ Ẹ̀gbá
Alàgbà, ẹ̀yin náà wà nínú ìgbìmọ̀ owó ní ìjọ yín, àbí mo parọ́?

Alàgbà Gbọ̀ngán
Ìjọ tiwa ń ra Izal.

Oníyèméjì
Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bó tilẹ̀ máa bí yín nínú. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó ku ọdún díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Wòlíì kan ní Olúwa ń pè é. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnu àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́. Ọmọ mẹ́ta, èmi ni mò ń san owó ilé-ìwé wọn báyìí. Ìjọ tó dá sílẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án ni, àwọn ọmọ náà sì wà nínú mẹ́sàn-án yẹn. Nígbà tí ẹ bá ń ròyìn Babalọlá àti rólà báyìí, àwọn bíi ẹ̀gbọ́n mi ló ń tẹ́tí.

Káyọ̀dé
Ibà ló ṣe é, kì í ṣe ìpè.

Akọ̀wé Ṣọ́ọ̀ṣì
Wòlíì ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sámúẹ́lì sáré tọ Élì lọ, Élì tó jẹ́ àlùfáà ńlá ní kó padà lọ sùn. Wòlíì tí kì í sọ pé "padà lọ sùn", ẹ sá fún un. Bàbá Adéboyè ti ìjọ Rìdíìmù pàápàá, ìṣirò ló ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ó sì ń túmọ̀ ìwàásù Bàbá Akíndayọ̀mi tó dá ìjọ náà sílẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. 1973 ló dé ìjọ náà, 1981 ló tó di olórí. Kò sí ìkánjú níbẹ̀.

Àwa Áńgílíkà náà ní tiwa. Àjàyí Crowther ò wá ipò bíṣọ́ọ̀bù. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ń rọ̀ ọ́ ṣáá. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 ni wọ́n yà sí mímọ́ ní Canterbury ní 1864. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìparí o. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó lè bí lọ́mọ ló dé odò Ọya, tí wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dànù níṣojú rẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un nígbà tí wọ́n ń rọ̀ ọ́.

Ọmọ Aláṣọ Funfun
Ẹ ò ní dárúkọ Bàbá Oshoffa tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ wa sílẹ̀? Káfíńtà ni o! Igi ló wọ igbó lọ wá lápá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1947, oòrùn kú mọ́ ọn lórí nínú igbó. Igi kọ́ ló gbé bọ̀.

Alàgbà Gbọ̀ngán
Ó kù kí ẹ ní ká bọ́ bàtà.

Ọmọ Aláṣọ Funfun
Mósè bọ́ tiẹ̀, Alàgbà. Bàtà tiyín ò níyì ju tiẹ̀ lọ.

Délé Peckham
Pásítọ̀ ni mo fẹ́ ṣe. Mo kàwé rẹ̀ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ra kóòtù mẹ́ta. Mo gbàdúrà títí, bọ́ọ̀sì ìjọ ṣáá ni mò ń rí. Láti ìgbà náà, láàárọ̀ Sọ́ńdè, èmi ni mò ń gbé àwọn ìyá arúgbó láti ilé wọn wá sí ìsìn. Ìyá kan máa ń gbàgbé eyín rẹ̀ sórí ìjókòó. Èmi ni mò ń gbé eyín lọ fún wọn ní Mọ́ńdè.

Àbíkẹ́ Ẹ̀gbá
Kóòtù ńkọ́?

Délé Peckham
Mò ń wọ̀ ọ́ wakọ̀.

Oníyèméjì
Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé owó ara wọn ni Ìyá Ìbejì fi ń jẹ́ ìpè tiwọn. Owó mi ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń jẹ́ tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì Àpáta
Ọmọ mi, má rò pé tèmi mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni ojú fi ń ti ọkọ mi ládùúgbò, kò sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́. Owó Izal, nígbà mìíràn, inú owó oúnjẹ ló ti ń jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn, ṣé o ti jókòó tì í rí, kí o bi í ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́?

Oníyèméjì
Rárá. Inú ń bí mi.

Àbíkẹ́ Ẹ̀gbá
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìwọ tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tó sì ká gúlútú síbì kan, kí ni wọ́n rán ìwọ?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà
Wọn ò tíì rán mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo títì.

Ọ̀gá Sípánà
Ẹ jọ̀ọ́, aago méjì òru ti lù, oorun ò kùn mí. Fíríìdọ́ọ̀mù tí Ìyá Ìbejì dárúkọ yẹn ni. Èmi ò ṣe tèmi. Ní 1998, ó ku oṣù mẹ́fà kí n parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo jí sípánà ọ̀gá mi kó, odidi ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo sá wá sí Èkó, mo dá dúró. Bẹ́ẹ̀, abọ́ kan náà lèmi àti bàbá yìí fi ń jẹun. Tó bá ku ẹran kan, wọ́n á ní àwọn ti yó.

2016, mo wà lábẹ́ ọkọ̀ kan, ọ́ílì ń kán sí mi lágbárí, mo gbọ́ ọ kedere: "Padà lọ sìn ín ní oṣù mẹ́fà tó ṣẹ́kù." Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ní ọmọṣẹ́ mẹ́rin, kí n lọ máa gbé jáàkì fún bàbá arúgbó? Mo ní èṣù ni. Ẹ gbọ́ o, mo fi orúkọ Jésù lé e lọ.

Ó padà wá lẹ́ẹ̀mejì sí i. 2019 ni wọ́n pè mí pé bàbá ti kú. Tí mo bá ń fi rólà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ fojú fò ó.

Àbíkẹ́ Ẹ̀gbá
Háà.

Alàgbà Gbọ̀ngán
Ọmọ mi, mo ti jáwọ́ lọ́rọ̀ omi rólà.

Oníyèméjì
Bàbá yẹn ò bímọ?

Ọ̀gá Sípánà
Ọ̀kan. Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, abẹ́ igi dóńgóyárò ló ti ń ṣe iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n ní sípánà àyálò ló ń lò.

Akọ̀wé Ṣọ́ọ̀ṣì
Ohun tí Ìwé Mímọ́ wí nípa irú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́...

Ìyá Ìbejì Àpáta
Akọ̀wé, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Sípánà, àwọn irin náà ńkọ́?

Ọ̀gá Sípánà
Nọ́ńbà 13 ti sọnù, ẹnu nọ́ńbà 17 ti ń yọ̀. Àwọn tó kù pé. Mo ti rẹ wọ́n sínú dísù lálẹ́ yìí, ìpẹtà ń ṣí kúrò lára wọn.

Káyọ̀dé
Ra 13 tuntun kún un.

Oníyèméjì
Oṣù mẹ́fà yẹn ńkọ́? Ọmọ yẹn á kéré sí ọ púpọ̀.

Ọ̀gá Sípánà
Ọmọ ọdún 27 ni. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa pè é ní ọ̀gá. Mo ń dá a sọ níbí, kò tíì yọ lẹ́nu mi dáadáa. Àmọ́ mò ń lọ láàárọ̀.

Oníyèméjì
Ó ti di aago mẹ́wàá. O ti dé ibo?

Ọ̀gá Sípánà
Mo ṣì wà nílé. Ọkọ̀ mi kú sẹ́nu géètì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo ti tú u wò lókè lódò, kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì.

Ìyá Ìbejì Àpáta
Wọ bọ́ọ̀sì, jàre.