Ìpagi ni ká pè é, kì í ṣe èdìdì igi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìkòròdú ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn tó ní ọgbà lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì dé ibi tó ti sọ nípa ohun tí à ń fi pa bẹ́ǹṣì ìta àti pákó ẹ̀gbẹ́ ebè kí òjò àti oòrùn má bàa bà wọ́n jẹ́, irú èyí tí kò ní pa ènìyàn àti ẹ̀fọ́ lára. Wọ́n dá a lábàá pé ká pè é ní "èdìdì igi aláìlóró". Àbúrò wa ní Àgbádárìgì ní òun fara mọ́ ọn. Èmi ò fara mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, torí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń pa nǹkan náà sára igi ní Ẹ̀pẹ́ níbí.

Èdìdì tí a mọ̀, ti ìwé ni, ti àṣẹ sì ni. Ìwé Ìfihàn sọ̀rọ̀ èdìdì méje, a sì ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a bá fi èdìdì dì, ẹni tó láṣẹ yóò tú u lọ́jọ́ kan. Òróró tó ti wọnú igi lọ kò ní títú.

Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀, "sealer", kó ohun méjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Èkíní máa ń jókòó sórí igi bí awọ. Ìyẹn ti lórúkọ lọ́dọ̀ wa tipẹ́: ọ̀dà ni, tàbí fánísì. Ẹ lọ wo àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà. Wọ́n á fi òwú dí ojú ibi tí pákó ti pàdé, wọ́n á wá da ọ̀dà lé e. Nóà náà, ọ̀dà ni Bíbélì wa ní kó fi kun ọkọ̀ nínú àti lóde. Dídí àti kíkùn nìyẹn, kò sì sí ọ̀rọ̀ tuntun tó kù ká dá síbẹ̀.

Èkejì ni kò tíì lórúkọ. Igi ló ń mu ún. Nígbà tí ọ̀gá káfíńtà tó bá mi kan bẹ́ǹṣì ìrókò ń ṣiṣẹ́, ó ki àkísà bọ inú òróró, ó fi pa ojú pákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì jókòó tì í. Kò pẹ́ tí ojú ibì kan fi padà di gbígbẹ bí ẹni pé a kò fọwọ́ kàn án rí. Ó fi ẹ̀yìn ìka kàn án. "Kò tíì yó," ló wí, ó sì tún bu òróró sí i. Nígbà tó yá tí òróró wá ń dán lójú igi tí kò wọlé mọ́, ó ní, "Ó ti yó, ẹ nu èyí tó kù kúrò." Igi mu, igi yó. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ibẹ̀ ló sì yẹ kí àwa náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú "ìpagi" wá nìyẹn. Ìpara ni a ń fi pa ara, ara sì ń mu ún. Ìpagi ni a ó fi pa igi. Àbúrò wa ní òun ń gbọ́ "pa igi" bí ẹni pé a fẹ́ pa á kú. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ikú nínú ìpara? Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti mọ́ kì í dẹ́rù ba etí, èyí náà yóò sì mọ́ wa lẹ́nu.

Ó kan "aláìlóró". Ẹ gbìyànjú kí ẹ pe "òróró aláìlóró" lẹ́ẹ̀mẹ́ta létí àgbàlagbà kan, kí ẹ wo bí yóò ṣe ní kí ẹ tún un sọ. Èyí kéré o. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé oró kì í dúró lójú kan. Òróró kan wà tí wọ́n ń fún láti ara hóró igi túǹgù, igi ilẹ̀ Ṣáínà. Hóró yẹn lóró, ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò ṣàìsàn. Síbẹ̀ bí ògidì òróró rẹ̀ bá ti gbẹ sínú igi, wọ́n ń lò ó sára abọ́ oúnjẹ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ gún: "ìpagi tí kò lóró mọ́ bó bá ti gbẹ." Ó gùn, mo mọ̀, àmọ́ òótọ́ ni, ẹni tó bá sì kà á yóò mọ̀ pé kó má ì tíì gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù ni ti "sísè". Lọ́dún tó kọjá mo kọ ewé ìwé kan fún àwọn aládùúgbò, mo sì túmọ̀ orúkọ ara agolo bó ṣe wà: "òróró ọ̀gbọ̀ sísè". (Mo pè é ní ọ̀gbọ̀ torí pé hóró ewéko tí a fi ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ń fún.) Ìyá kan tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú létí ọ̀sà mú ìwé náà wá bá mi. Wọ́n ní, "Tísà, ẹ ṣeun. Ṣé bí wọ́n ti sè é yìí, oró inú ẹ̀ ti bá iná lọ nìyẹn?"

Mi ò lè dá wọn lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn ò ṣì rárá. Bí a ti ń ṣe ẹ̀gẹ́ nìyẹn: omi àti iná la fi ń yọ oró rẹ̀ kó tó ṣe é jẹ. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo ṣì wọ́n lọ́nà. Láyé àtijọ́, wọ́n ń gbé òróró ọ̀gbọ̀ kaná lóòótọ́. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ lónìí, wọn ò fi iná kàn án tó bẹ́ẹ̀. Èròjà onírin ni wọ́n pò mọ́ ọn, bíi kóbáàtì àti máńgáníìsì, kó lè tètè gbẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo lò wá ń fọkàn ènìyàn balẹ̀ síbi tó yẹ kó ti ṣọ́ra. Mo gba ewé ìwé náà padà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo lè rí.

Ohun tí mo ń kọ báyìí ni "òróró ọ̀gbọ̀ alámúgbẹ". Ẹni tó mọ ẹ̀rọ amúlétutù yóò mọ amúgbẹ. Èyí tí kò ní àdàlù, "ògidì òróró ọ̀gbọ̀". Kò yá gbẹ, ní etí omi pàápàá, èéhù sì fẹ́ràn rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ kò bá dé ibẹ̀ dáadáa. Èmi àti ìyá náà fi pa pákó ebè wọn, ọjọ́ kẹjọ kó tó yé lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Síbẹ̀ ó tẹ́ wọn lọ́rùn ju ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò, kọ̀ńdẹ́mù, tí ọ̀pọ̀ ń fi lé ikán. Kọ̀ńdẹ́mù yìí kò yẹ kó sún mọ́ ilẹ̀ tí a ń já ẹ̀fọ́ rẹ̀ jẹ rárá. Ní Amẹ́ríkà, igi tí wọ́n fi èròjà alásẹ́níìkì, oró líle tó ń lé kòkòrò, rin pàápàá, láti ìparí 2003 ni àwọn tó ń ṣe é ti dẹ́kun títà á fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé gbígbé.

Àbúrò béèrè bóyá àdí àgbọn Àgbádárìgì ò lè ṣe é. Kò lè ṣe é, epo pupa náà ò lè ṣe é. Wọ́n máa ń dì nínú ọ̀tútù, wọ́n á tún yọ́ lójú oòrùn. Wọn kì í gbẹ láéláé. Ẹ wá wò ó, "gbẹ" tí mo ń lò fún òróró ọ̀gbọ̀ yìí gan-an kì í ṣe gbígbẹ aṣọ. Aṣọ ń pàdánù omi. Òróró yìí ń gba ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, ó ń le, ó sì ń wúwo sí i. Bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń gbóná. Àkísà tí a fi pa á, bí a bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ bá mi kọ èyí sínú ìwé yín, ẹ̀gbọ́n: kí wọ́n tẹ́ àkísà náà síta gbalaja kó gbẹ, tàbí kí wọ́n rì í sínú omi nínú agolo onírin. Mo fara mọ́ "gbẹ", torí òun ni káfíńtà ń sọ, àfi ká ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níwájú ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Ibi tí wọ́n ti rẹ́ pákó ní ìbú, níbi tí a ti ń rí ihò wínníwínní inú igi, ibẹ̀ ló ń mu òróró jù, ibẹ̀ náà ni omi sì ń gbà wọlé kí igi tó jẹrà. Èmi ń pè é ní "orí pákó". Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi àwọn àgbà káfíńtà Ìkòròdú bóyá wọ́n ní orúkọ tó ṣe pàtó ju èyí lọ, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.