Ààrò amọ̀ màámi: ó ti yanjú o

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo bèèrè ìdí tí ààrò amọ̀ tá a mọ fún màámi fi ń sán, tí èéfín tún ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀. Erùpẹ̀ ọ̀gán la fi tún un mọ, a po yanrìn àti koríko gbígbẹ tá a gé wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, a wá jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòji, kò sán mọ́. Páànù tá a tẹ́ sẹ́nu ẹ̀ ló yanjú èéfín, igi wà lórí ẹ̀, atẹ́gùn ń gba abẹ́ wọlé, iná wá ń jó geere. Tí igi bá tutù, ẹ̀n-ẹ́n, èéfín ṣì ń rú, mi ò ní parọ́. Àmọ́ màámi ń ro àmàlà láì nu ojú, igi ò sì tètè tán mọ́. Mo ti pa ìjíròrò yìí dé o.