Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwòrán àwọn ọmọ fún ìpàtẹ Sátidé

Tíṣà Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí la lè fi lẹ àwòrán mọ́ ògiri tí kò ní já bọ́? Sátidé yìí làwọn òbí ń bọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà: Kíláàsì wo? Kí ni wọ́n fi yà á? Irú ògiri wo ni?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Tíṣà, ẹ ra káádíbọ́ọ̀dù ní Dùgbẹ̀. Kó fi bí ìka méjì fẹ̀ ju ìwé àwòrán lọ yíká, kí ìsàlẹ̀ tún fẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí gbogbo ẹ̀gbẹ́ bá dọ́gba, ojú máa ń rí i bíi pé àwòrán ń yọ̀ wálẹ̀. Kí ọmọ fi pẹ́ńsù sàmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó lẹ̀ ẹ́. Igun nìkan ni kó fi gúlù sí o! Bó bá fi kun gbogbo ẹ̀yìn, ìwé á wú, á hunjọ.

Ọmọ Yemẹtu: Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá ṣe, ẹ má gbé e lọ ṣe lámínéètì, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ lẹ ọ̀rá bò ó! Kíréyọ̀nù lọmọ mi fi ya ìyá àgbà rẹ̀ níbi tó ti ń ro àmàlà. Wọ́n kó ti gbogbo kíláàsì fún ṣọ́ọ̀bù kan. Ìgbà tó fi máa jáde nínú ẹ̀rọ, gèlè pupa ti yọ́ wọ ojú màmá, orógùn ti dà pọ̀ mọ́ ìkòkò. Ọmọ náà sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Títí dòní kò ya nǹkan kan mọ́.

Adé Bódìjà: Lámínéètì ò burú o. Tàwa ṣì wà lára ògiri.

Ọmọ Yemẹtu: Ṣé kíréyọ̀nù ni?

Adé Bódìjà: Bírò ni.

Ọmọ Yemẹtu: Ẹ ò rí i! Ìda ló wà nínú kíréyọ̀nù, ẹ̀rọ yẹn sì ń gbóná.

Adé Bódìjà: Ẹ má torí ṣọ́ọ̀bù kan dẹ́rù ba gbogbo èèyàn.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà ò béèrè lámínéètì.

Mọ́ríyíkẹ́: Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé etí tó bá wọ́, káwọn òbí lè rí nǹkan tó mọ́.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Ẹ má gé e o! Bí àgbà bá ti gé e, iṣẹ́ àgbà làwọn òbí wá wò nìyẹn.

Àgbà Òṣogbo: Ẹ kó wọn wá sí Òṣogbo lọ́jọ́ kan. Ilé Dúró Ládípọ̀, òṣèré yẹn, ni Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Àwọn ayàwòrán bíi Twins Seven-Seven àti Jimoh Buraimoh wà lára àwọn tí Georgina Beier, tóun náà jẹ́ ayàwòrán, kọ́ níṣẹ́ níbẹ̀ ní 1964. Ọmọ tó bá ti dúró níwájú iṣẹ́ wọn á mọ̀ pé tòun náà yẹ ní gbígbé kọ́.

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà: A ò tíì mọ irú ògiri tó jẹ́! Bó bá jẹ́ ẹfun ni wọ́n fi kùn ún, sẹ̀lótéèpù á ṣí tòun tẹfun. Ibi tójú ọmọ ká ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe ibi tójú bàbá rẹ̀ ká.

Tíṣà Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun gan-an ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri, hẹ́dì ò sì fẹ́ ká lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Okùn ni mo máa ta láti òpó dé òpó ní fàráńdà. Kò sí káádì, kò sí gúlù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ àti àkọlé tirẹ̀, á fi pẹ́gì aṣọ há a síbi tó bá wù ú. Mo ní kí wọ́n gbé e dání fún ara wọn wò lónìí. Ọmọ kan wo tirẹ̀ títí, ó wá dorí rẹ̀ kodò, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ṣe fẹ́ ẹ.

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà: Atẹ́gùn ńkọ́? Pẹ́gì méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ kó lè wúwo.

Tíṣà Àdùkẹ́: Pẹ́gì mi ò wá ní tó o. Ẹni tó bá lè yá mi nítòsí Sábó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú.