Bàbá mi, sọ́jà tó di lọ́yà, fẹ́ ṣe gómìnà

Àbíkẹ́ Ìjọ̀kà:
Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ gbà mí o. Ọdún méjìdínlógún ni bàbá mi fi ṣe sọ́jà, wọ́n bá ECOMOG, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dé Làìbéríà, kí wọ́n tó lọ kàwé lọ́yà. Títí dòní, aago márùn-ún àárọ̀ kì í bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n ṣe ń dan bàtà sọ́jà nígbà yẹn ni wọ́n ń dan ti kóòtù. Wọ́n láwọn fẹ́ díje gómìnà Oǹdó. Wọ́n ti ta ilẹ̀ kan. Màmá mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé lọ́yà tí ò lówó ń rí i ṣe níbí?

Bàbá Ọ̀bẹlé:
Ọmọ mi, lọ́yà ṣe é rí. Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà kó tó díje ní 2012. Ipò kẹta ló ṣe! Mímíkò, gómìnà ìgbà náà, ní ìbò 260,199, Olúṣọlá Òkè (lọ́yà lòun náà) 155,961, òun 143,512. Ó di 2016 kó tó wọlé, pẹ̀lú 244,842.

Ẹni tó ṣe mí láàánú ni Jẹ́gẹ́dẹ́ tiwa. Lọ́dún 2016 yẹn, kóòtù gbé tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fún ẹlòmíì. 23 oṣù kọkànlá ni Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn dá a padà, 26 nìdìbò. Ọjọ́ mẹ́ta! Àwọn ọ̀dọ́ ń lẹ pósítà ní Ọjà Ọba bí ẹni tójò fẹ́ ká mọ́ta. Ó tún díje ní 2020, ó pàdánù. Ẹjọ́ dé Kóòtù Gíga Jù Lọ, adájọ́ mẹ́rin ní rárá, mẹ́ta ní bẹ́ẹ̀ ni. SAN, àgbà lọ́yà, ni Jẹ́gẹ́dẹ́ o.

Bi bàbá rẹ: wọ́ọ̀dù 203 la ní, mélòó ni wọ́n ti lẹ́ni? Òfin ní kí wọ́n ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìjọba ìbílẹ̀ 12 nínú 18. Ṣé wọ́n mọ̀ wọ́n ní Ẹsẹ̀ Odò?

Ọmọ Ṣágárì:
Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n wà? Kò sáyè fún adíje tí ò lẹ́gbẹ́ ní Nàìjíríà. Bí ò bá sí káàdì, ẹ tètè lọ bẹ ẹni tó ra ilẹ̀.

Àbíkẹ́ Ìjọ̀kà:
Ẹ ṣé, bàbá. Káàdì wà. Mo bi wọ́n nípa Ẹsẹ̀ Odò: wọ́n ní àwọn àti ọ̀gá kan níbẹ̀ jọ wà ní Làìbéríà. Ẹnì kan ṣoṣo.