“Next Friday”: Ọjọ́ Ẹtì wo ni wọ́n ń wí?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra àtilọ sí ìlú ọba, àti ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, mo kí yín láti Kubwa ní Àbújá níhìn-ín. Ní ọdún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi ní Ọjọ́rú pé àwọn yóò fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fóònù ní “next Friday”. Ọ̀túnla ni mo kà á sí. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó ti fóònù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ti ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ní lọ́kàn. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo ti fi ìwé ìbínú ránṣẹ́ sí wọn kí n tó mọ̀.

Àwọn onílé èdè pàápàá kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Lójú àwọn kan, “next Friday” ni ọjọ́ Ẹtì tó kọ́kọ́ ń bọ̀. Lójú àwọn mìíràn, “this Friday” nìyẹn, ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni “next”. Bákan náà ni “next weekend” rí. Bí ará Bìrìtìkó bá ní “Friday week”, ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ló ń wí. “Fortnight” jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Láti inú òru 14 ni orúkọ náà ti jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù ni bí a ṣe ń ka ọjọ́. Àwa a máa ka òní mọ́ ọn: ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni a ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ ni a sì ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka òní, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá sọ “in eight days” fún ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ó lọ. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ní “gobe” fún ọ̀la, “jibi” fún ọ̀túnla, “gata” fún ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀túnla.

Ní báyìí, mo máa ń kọ ọjọ́ náà padà sí wọn pé ṣé òun nìyí, mo sì ń fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù, nítorí pé 04/07 jẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Keje lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ni ní Amẹ́ríkà.

Èsì láti Manchester:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kàdúná ni mo gbé kí n tó wá síhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n fi “brought forward” kún un. Bí àwa bá ní a sún ìpàdé síwájú, ọjọ́ rẹ̀ jìnnà sí i ni; “brought forward” ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ni ọjọ́ náà súnmọ́ tòsí. Ilé ìwé ọmọ mi kọ̀wé pé àwọn ti fi ọjọ́ méjì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìpàdé òbí tí ó yẹ kí ó wáyé ní Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ, wọ́n ti ṣe é tán. Olùkọ́ fún mi ní ọjọ́ mìíràn, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú orúkọ oṣù.